Réèlì ìta fún ilé etí òkun tí òjò ń pa: ìbéèrè àti ìdáhùn

“Irin wo ni kì í dípẹtà?” Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́lé sétí òkun máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Kò burú, àmọ́ kò tíì kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kò sí irin tí kò ní bàjẹ́ bí omi oníyọ̀ bá ráyè dúró sí i lára, bẹ́ẹ̀ irin tí kò wọ́n lè pẹ́ gan-an bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ bá mọ ohun tó ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i pé ọ̀nà tí omi ń gbà kúrò lára réèlì, ìyẹn ọ̀pá ààbò etí bákónì, ni mo ń padà sí ṣáá, ju orúkọ irin lọ.

Òjò ló ń dà wá láàmú níbí. Kí ló wá kan iyọ̀?

Òjò kọ́ ni ọ̀tá yín. Òjò tó ń rọ̀ sórí réèlì ń bá yín fọ̀ ọ́ ni. Ohun tó ń jẹ irin ni iyọ̀ tí ìgbì òkun ń fọ́n sókè, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé wá lẹ̀ mọ́ ọn. Iyọ̀ òkun kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí ọ̀rinrin bá ti tó nǹkan bí 75%, ṣùgbọ́n magnesium chloride, oríṣi iyọ̀ mìíràn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú omi òkun, ti ń fa omi láti nǹkan bí 33%. Létí òkun, ọ̀rinrin kì í sábà wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí òjò kò bá tilẹ̀ kán sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, omi oníyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ wà lára irin yín tọ̀sán-tòru.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ wá réèlì sítéńlẹ́ẹ̀sì kan tó ti lo ọdún mélòó kan nítòsí òkun. Orí ibi tí wọ́n ń dì mú á máa dán. Ẹ wá tẹ̀ ba, kí ẹ fi ìka ra abẹ́ rẹ̀ níbi tí òjò kì í dé: iyọ̀ á ti gan mọ́ ọn, ọwọ́ yín á máa há, ẹ ó sì rí àmì pupa rẹ́súrẹ́sú kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Irin kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Èyí ló fà á tí réèlì bákónì tó wà lábẹ́ òrùlé fi sábà máa ń yára dọ̀tí ju èyí tó wà ní gbangba lọ.

Ilé mi jìnnà díẹ̀ sí omi. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Bí ẹ kò bá jìnnà ju kìlómítà márùn-ún sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ẹ kà á sí pé ó kàn yín. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá ń fẹ́ tààrà sápá ọ̀dọ̀ yín, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì tó ń fọ́ ni kí ẹ máa ṣọ́ o, kì í ṣe omi lásán: ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀sà tó parọ́rọ́ lè má rí iyọ̀ tó pọ̀ tó èyí tí ilé tó dojú kọ òkun ń rí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìdè ilẹ̀kùn àti ìṣó páànù ilé tó wà ládùúgbò. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò yẹn fún yín láìgba owó.

Kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: èwo ni kí n rà?

Fún ọ̀pọ̀ ilé, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú yan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní páúdà kọ́tì. Ó fúyẹ́, kò ní ìpẹtà pupa, ẹ kò sì ní máa kun ún lọ́dọọdún. Bí ẹ bá fẹ́ irin tó ń dán, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ó máa fọ̀ ọ́, ẹ lo sítéńlẹ́ẹ̀sì 316. Irin gáfánáìsì, ìyẹn irin tí wọ́n fi síńkì bò, tí wọ́n tún kùn lórí rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, fún ẹni tó fẹ́ nǹkan tó lágbára tí owó rẹ̀ kò ga. Irin lásán tí wọ́n kàn fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kò sí nínú ohun tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn, kódà bí wẹ́dà yín bá búra.

Kí ni mo máa bi ẹni tó ń ta alumíníọ̀mù fún mi?

Ẹ bi í ní ohun tí wọ́n ṣe sí i kí wọ́n tó fi ọ̀dà sí i. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tọ́jú ojú rẹ̀, kí ọ̀dà lè wọra. Bí wọ́n bá fo ìpele yìí, ọ̀dà náà á dára lójú lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Nígbà tó bá yá, ẹ ó rí ìlà wínníwínní tó ń rìn lábẹ́ ọ̀dà láti ojú ibi tí wọ́n gé, ó ń wé kiri bí ìgbà tí kòkòrò ń rìn nínú ewé. Iyọ̀ ló ti ojú ọgbẹ́ wọlé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kíkùn lórí rẹ̀ kò lè dá a dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Máíkírọ́ọ̀nù 60 sí 80 ni mo máa ń fẹ́ gbọ́. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan. Ẹ béèrè ìlànà tí ọ̀dà náà tẹ̀ lé pẹ̀lú. AAMA 2604, ìlànà ọ̀dà alumíníọ̀mù ti Amẹ́ríkà, béèrè pé kí ọ̀dà fara da oòrùn àti ọ̀rinrin Florida níbẹ̀ fún ọdún 5, AAMA 2605 béèrè ọdún 10. Bí ẹ bá dojú kọ òkun gan-an, 2605 ni kí ẹ sanwó fún. Bí olùtajà kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ ti rí ìdáhùn yín gbà nìyẹn.

Ẹ ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n lu ihò rẹ̀, kí wọ́n sì jó o pọ̀ tán kí wọ́n tó yan ọ̀dà mọ́ ọn. Gbogbo ihò tí wọ́n bá lu lẹ́yìn náà, ẹnu ọ̀nà fún iyọ̀ ni. Etí tó mú ṣáṣá kò dára, nítorí ọ̀dà kì í dì mọ́ etí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kí etí rẹ̀ rí róbótó díẹ̀.

Àwọn kan kì í fẹ́ ọ̀dà, wọ́n fẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní anodize, ìyẹn ni pé wọ́n fi iná mànàmáná mú ojú alumíníọ̀mù náà le. Ó dára, kì í bó. Fún ìta létí òkun, kí ó tó máíkírọ́ọ̀nù 25.

Wọ́n ní sítéńlẹ́ẹ̀sì ni sítéńlẹ́ẹ̀sì. Kí ni ìyàtọ̀ 304 àti 316?

Ìyàtọ̀ náà pọ̀ o. 304 ní nǹkan bí 18% chromium àti 8% nickel. Chromium yìí ló ń ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ojú irin, awọ náà ni kì í jẹ́ kó dípẹtà. Iyọ̀ òkun mọ bí wọ́n ṣe ń lu awọ yìí jálẹ̀ ní kéékèèké. 316 ní 2 sí 3% molybdenum, irin mìíràn, nínú, ìyẹn ló ń mú kí awọ náà lè kojú iyọ̀. Níbi tí 304 á ti ní àmì pupa láàárín oṣù díẹ̀, 316 lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún 201. Wọ́n dín nickel inú rẹ̀ kù, wọ́n fi manganese rọ́pò. Ó ń dán gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní pẹ́ kó tó dógùn-ún létí òkun. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mágínẹ́ẹ̀tì tàn yín: 304 àti 316 kì í sábà fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò lè sọ èyí tí ẹ rà fún yín. Omi àyẹ̀wò molybdenum wà tí wọ́n ń kán sí irin, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà bí molybdenum bá wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ilé iṣẹ́ tó rọ irin náà pẹ̀lú.

Ohun kan tí wọn kì í sọ ni pé ojú irin ṣe pàtàkì tó nọ́mbà rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sáńdípépà ha, tó ní ìlà ṣákaṣàka, ń di iyọ̀ mú. Èyí tó dán bíi dígí ń jẹ́ kí òjò gbá a lọ. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ní ìlà, ẹ jẹ́ kí ìlà náà dúró lóòró, kí omi lè bá a ṣàn wálẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ pẹ̀lú: àwọ̀ búlúù àti wúrà tí iná ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ dà bí ọ̀ṣọ́, àmọ́ irin ibẹ̀ ti sọ agbára rẹ̀ nù. Kí wẹ́dà fi ásíìdì tó wà fún iṣẹ́ náà yọ ọ́ tán pátápátá.

Wẹ́dà mi ní òun á fi irin lásán ṣe é, òun á kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Owó rẹ̀ kéré.

Owó rẹ̀ kéré lónìí. Ẹ ó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí ń ha á, tó sì ń kùn ún.

Bó bá jẹ́ irin náà ni agbára yín ká, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán, kí wọ́n jó gbogbo ojúkò rẹ̀, kí wọ́n wá gbé e lọ rì sínú síńkì yíyọ́, tó gbóná tó nǹkan bí 450°C. Èyí ni gáfánáìsì gidi. Kì í ṣe páìpù gáfánáìsì tí wọ́n rà lọ́jà, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì jó pọ̀. Iná ti jó síńkì kúrò lójú ibi tí ẹ nílò rẹ̀ jù, síńkì ara rẹ̀ kò sì nípọn tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ lu ihò sí àwọn páìpù tó dí kí síńkì lè wọnú, kí afẹ́fẹ́ sì lè jáde. Páìpù tó dí pa tí wọ́n bá rì bọ̀ ọ́ lè bú gbàmù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fún irin tó nípọn láàárín mìlímítà 1.5 sí 3, bí ọ̀pọ̀ páìpù réèlì ṣe rí, ìlànà ISO 1461, ti àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà, béèrè síńkì tó tó máíkírọ́ọ̀nù 55. Etí òkun tó le, tí ISO 9223 pè ní C5, ń jẹ máíkírọ́ọ̀nù 4.2 sí 8.4 lọ́dún. Ọdún bíi 6 sí 13 nìyẹn kí síńkì tó tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kùn ún lé síńkì náà lórí: ọ̀dà ń dáàbò bo síńkì, síńkì sì ń dúró de ibi tí ọ̀dà bá ti họ. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ ń pẹ́ ju àròpọ̀ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè lò lọ.

Igi ńkọ́?

Igi rẹwà, ara rẹ̀ kì í sì í gbóná lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá réèlì tí kò ní da òun láàmú, igi kọ́ ló ń wá. Olú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi bí omi inú rẹ̀ bá ti ń ju nǹkan bí 20% lọ, níbi tí òjò sì pọ̀ sí, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ lo àárín igi ìrókò tàbí tíìkì, kì í ṣe funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gé orí òpó rẹ̀ dagun kí omi má dúró, kí ẹ sì kun ojú ibi tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀mẹta, torí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù. Àwọn kan máa ń fi igi ṣe ibi ìdìmú nìkan, wọ́n á fi alumíníọ̀mù ṣe ìyókù. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu: ègé kan péré ni ẹ ó máa tọ́jú.

Igi tí wọ́n fi kẹ́míkà oníkópà tọ́jú a máa jẹ alumíníọ̀mù àti irin lásán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn láìsí nǹkan láàárín.

Gíláàsì dára lójú mi gan-an, mo fẹ́ máa rí òkun.

Gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í dípẹtà. Ṣùgbọ́n ẹ ó máa nù ún. Iyọ̀ á bò ó bí èéfín láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ pẹ́, àmì rẹ̀ á gan mọ́ ojú gíláàsì. Ohun tó ń fún yín ní ìran òkun ni yóò di iṣẹ́ ilé yín.

Ẹ ra èyí tí wọ́n lẹ̀ méjì pọ̀, tí ohun tó wà láàárín wọn á di í mú bó bá fọ́. Èyí tí wọ́n kàn fi iná mú le, tí kò ní ìlẹ̀pọ̀, bó bá fọ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́ yángá-yángá wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, réèlì ti pòórá nìyẹn. Ẹ ṣọ́ etí gíláàsì oníméjì náà: bí omi bá ń dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n fi í bọ̀, ìlẹ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ẹ ó rí funfun lẹ́bàá etí. Ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ ní ihò tí omi ń gbà jáde.

Wáyà tí wọ́n fà lọ gbọọrọ ńkọ́?

Ìran rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n iyọ̀ ń sá pamọ́ sáàárín okùn wáyà náà. 316 nìkan, tí kò ní ìlọ́ púpọ̀. Ẹ ó máa fà á le lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, ẹ rò ó dáadáa: wáyà tó sùn gbọọrọ, àtẹ̀gùn ni lójú ọmọdé.

Ike ńkọ́?

Fún ilé onípele kan, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà nínú ihò rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní irin lásán nínú, irin yẹn á sì jẹrà níbi tí ojú kò tó. Ẹ béèrè èyí tó ní alumíníọ̀mù nínú.

Níbo ni réèlì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́?

Ẹsẹ̀ òpó. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ń ṣòfò.

Ẹ wo òpó tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ kọnkéré, tí wọ́n wá fi ìdérí róbótó kékeré kan bo bóòtù náà kó lè rẹwà. Omi wọ abẹ́ ìdérí, kò rí ọ̀nà jáde. Òjò kò lè fọ iyọ̀ tó wà níbẹ̀, oòrùn kò lè gbẹ ẹ́. Irin sítéńlẹ́ẹ̀sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kí awọ ara rẹ̀ lè máa tún ara rẹ̀ ṣe. Nínú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, omi pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti abẹ́ ìdérí, á fa ìlà sórí táìlì. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó bá bóòtù tí ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Òpó náà ṣì ń dán. Bóòtù tó yẹ kó dì í mú ni kò sí mọ́.

Nítorí náà, kí bóòtù jẹ́ 316, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ́kù nínú àpótí. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo ìdérí, kí ó ní àlàfo ní ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ràn kí wọ́n de òpó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bákónì, kì í ṣe orí rẹ̀, bí agbára kọnkéré bá gbà á: omi kì í dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kò sì ní lu ihò sí ilẹ̀ tí wọ́n ti tọ́jú kí omi má baà wọlé sí iyàrá ìsàlẹ̀.

Irin lásán tí wọ́n rì bọnú kọnkéré ló burú jù. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, á gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, kọnkéré á sì là. Alumíníọ̀mù náà kì í bá sìmẹ́ńtì tútù ṣọ̀rẹ́, kẹ́míkà inú sìmẹ́ńtì náà ń jẹ ẹ́. Kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bítúmẹ́ẹ̀nì kun ibi tó máa kan kọnkéré, tàbí kí wọ́n fi rọ́bà sáàárín.

Òpó tó ní ihò nínú gbọ́dọ̀ ní ihò ìṣànjáde nísàlẹ̀. Omi máa wọ inú rẹ̀, ẹ má bá ara yín jà lórí ìyẹn.

Ṣé mo lè fi bóòtù sítéńlẹ́ẹ̀sì de alumíníọ̀mù?

Ẹ lè ṣe é, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí irin méjì tó yàtọ̀ bá fara kanra nínú omi oníyọ̀, ọ̀kan nínú wọn ni yóò yára jẹrà, alumíníọ̀mù sì ni níbí. Bóòtù kékeré lára alumíníọ̀mù ńlá kò le púpọ̀. Ẹ fi wásà náílọ́ọ̀nù sáàárín, kí ẹ sì fi girisi tó wà fún un pa ibi lílọ́ lára bóòtù. Òdìkejì rẹ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ dán wò: sukúrúù alumíníọ̀mù lára sítéńlẹ́ẹ̀sì ńlá. Kò ní pẹ́ tó fi máa tán.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Omi tí kò níyọ̀, ọṣẹ tí kò le, aṣọ rírọ̀. Tán. Ẹ ṣàn án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, lóṣooṣù bí ìgbì bá wà níwájú yín. Abẹ́ ibi ìdìmú, abẹ́ òrùlé àti ẹsẹ̀ òpó ni kí ẹ gbájú mọ́; ibi tó wà ní gbangba, òjò ti bá yín ṣe é. Ẹ kà ìwé ẹ̀rí ọ̀dà yín pẹ̀lú, torí wọ́n lè kọ iye ìgbà fífọ̀ sí i, bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ yín ti lọ.

Kò gbọ́dọ̀ sí bílíìṣì, kò gbọ́dọ̀ sí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì, kò gbọ́dọ̀ sí kànhìnkànhìn onírin. Eruku irin tí kànhìnkànhìn yẹn bá fi sílẹ̀ ló máa dípẹtà sára sítéńlẹ́ẹ̀sì yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni eruku pupa tó ń tà jáde nígbà tí wẹ́dà kan bá ń gé irin lásán lẹ́bàá réèlì tuntun. Ẹ fi ọ̀rá bò ó títí iṣẹ́ á fi parí.

Àmì pupa ti wà lára sítéńlẹ́ẹ̀sì mi. Ṣé kí n yọ ọ́ sọnù?

Rárá. Bó bá jẹ́ ojú lásán ló wà, ẹ fi ohun ìfọ̀ sítéńlẹ́ẹ̀sì àti páàdì náílọ́ọ̀nù nù ún, kí ẹ tẹ̀ lé ìlà irin, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ihò wínníwínní tí èékánná lè kọ́, tàbí omi pupa tó ń jáde láti ojúkò. Bí òpó bá ń mì nígbà tí ẹ bá tì í, ẹ dẹ́kun fífara tì í lónìí, kí ẹ pe ẹni tó lè yọ bóòtù wò.

Àwọ̀ wo ló dára jù?

Èyí tó wù yín. Dúdú máa ń gbóná nínú oòrùn, iyọ̀ funfun sì ń hàn lára rẹ̀. Eérú kì í fi nǹkan hàn bọ̀rọ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?

Òfin ibi tí ẹ wà ló máa sọ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó ń wà láàárín nǹkan bíi mítà 0.9 sí 1.1, àlàfo àárín ọ̀pá kò sì gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí orí ọmọdé.

Kí ni mo máa yẹ̀ wò kí n tó san owó ìkẹyìn?

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó bóyá ibi tí wọ́n gé tàbí tí wọ́n lu wà láìní ọ̀dà. Ẹ béèrè ìwé irin àti ìwé ọ̀dà, kí ẹ má gba “màá mú un wá lọ́la”. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi tó pọ̀ sórí réèlì láti òkè, kí ẹ sì dúró. Níbi tí omi bá ti ń kóra jọ tí kò lọ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kí oníṣẹ́ náà lu ihò tàbí kó yí i padà kí ó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀.